Èdè Ìwádìí Ẹ̀sùn Oògùn Olóró fún Ọlọ́pàá Àdúgbò

Bí ọlọ́pàá bá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Igbóbì, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé igbó ni ó bá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ará Ṣómólú tàbí Bárígà tí kò ní mọ ohun tí ó wí. Síbẹ̀ Igbóbì fúnra rẹ̀, bí etí ṣe ń gbọ́ ọ, igbó obì ni. Obì ń lé oorun lójú awakọ̀, òfin kò sì bá a jà. Igbó kejì ni òfin ológun nọ́ńbà 19 ti ọdún 1966 dojú kọ: ẹni tí ó bá gbìn ín lè kú, tàbí kí ó fi ọdún 21 jẹ ẹ̀wọ̀n. Ní 1975 ni wọ́n dín ìyà náà kù.

Òfin nọ́ńbà 48 ti ọdún 1989 ni ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀. Jos ni ilé-ẹ̀kọ́ àjọ náà wà. Láàárín 2013 sí 2019, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró fi owó ilẹ̀ Yúróòpù ràn án lọ́wọ́ nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá àdúgbò ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé ibi ọ̀ràn, Yorùbá sì ni wọ́n fi ń dá a lóhùn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ìṣòro ti pọ̀ jù. Nínú òfin 1989 yìí, ẹni tí ó tà tàbí tí ó rà yóò lo gbogbo ayé rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí wọ́n kàn bá a lọ́wọ́ rẹ̀ yóò lo ọdún 15 sí 25. Bí afurasí bá wí pé, ‘Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan’, ṣé ó rà á ni, àbí wọ́n fún un, àbí wọ́n ní kí ó bá wọn tọ́jú rẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ni ‘gbà’ lè gbé. Àṣà ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ afurasí ní èdè tí ó fi sọ ọ́, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ìwé méjèèjì sì dé iwájú adájọ́. Ọlọ́pàá tí ó bá sọ ‘gbà’ di ‘rà’ ti dájọ́ kí adájọ́ tó jókòó. Ìbéèrè ni ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ láti bi, kì í ṣe ìtumọ̀ nìkan.

‘Oògùn olóró’ náà kò péye. Láti 1945 ni ilé ìwòsàn eegun ti wà ní Igbóbì, níbi tí wọ́n ti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Fún ẹni tí itan rẹ̀ dá, mọ́fíìnì kì í ṣe oró rárá, ìtura ni. ‘Oògùn tí òfin ń ṣọ́’ bá a mu jù, bí ó tilẹ̀ dájú pé ará ọjà kò ní fi ti àtijọ́ sílẹ̀.

Ti kẹ́míkà kù. Ẹ̀kán omi ìdánwò Marquis máa ń sọ heroin di àwọ̀ elésè àlùkò. Ti Scott máa ń sọ kokéènì di búlúù. Àwọn nǹkan mìíràn lè mú irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, nítorí náà ‘ìdánwò ìfura’ ni ó yẹ kí a pe èyí, kí ‘ìdánwò ìfìdímúlẹ̀’ jẹ́ ti yàrá àyẹ̀wò. Láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá títí dé yàrá náà, gbogbo ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹrù ni yóò kọ orúkọ, ọjọ́ àti wákàtí. ‘Àtọwọ́dọ́wọ́ ẹ̀rí’ ni orúkọ tí ó bá èyí mu. Bí ọwọ́ kan bá sọnù nínú ìwé, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò béèrè ibi tí ẹrù náà sùn mọ́jú.