Ìṣẹ́jú Mélòó Ni Eré Àsápajúdé Ń Jèrè Fún Wa?

Ìṣirò tí mo mú wá lónìí kò le ju ti àwọn ọmọ ilé-ìwé kékeré lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni ìrìn-àjò ní: bí ọ̀nà ti jìn tó, àkókò tí a lò, àti bí a ti sáré tó. Ẹni tó bá mọ méjì ti mọ ẹ̀kẹta. Ẹ fi àkókò pín ọ̀nà, eré ni ẹ ó rí. Ẹ fi eré pín ọ̀nà, àkókò ni yóò jáde.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lé díẹ̀ ní kìlómítà 120. Kí ó lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí á pè é ní 120. Bí dẹ́rẹ́bà bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 72 ni yóò fi débẹ̀. Bí ó bá sá 120, ìṣẹ́jú 60 ni. Èrè gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 12 lọ! Ẹni tó sì fi wákàtí kan jókòó ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó kún, òun náà ni yóò máa pariwo pé, “Dẹ́rẹ́bà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre!”

Kí ni a fi ra ìṣẹ́jú 12 yìí? Ẹ gbọ́ ná. Bí ewúrẹ́ bá já sí títì, ojú awakọ̀ yóò kọ́kọ́ rí i kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbà á. Lórí 100, ọkọ̀ ti lọ ní mítà 28. Lórí 120, ó ti lọ ní mítà 33, bíréèkì kò sì tíì mú rárá. Bó bá wá mú, bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò fi dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọkọ̀ tó ń sá 60 bá fi mítà 20 dúró lórí títì gbígbẹ, èyí tó ń sá 120 yóò fẹ́ mítà 80. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ọkọ̀ tó ń sá 100 á dúró ní nǹkan bíi mítà 83, èyí tó ń sá 120 á dé mítà 113. Níbi tí ti àkọ́kọ́ ti dúró jẹ́ẹ́, ìkejì ṣì ń sá ju kìlómítà 70 lọ ní wákàtí kan. Èyí ni táyà tó dára àti bíréèkì tó dára o. Ti òjò kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ bi àwọn ọmọ yín ní èyí. Awakọ̀ kan ṣèlérí pé wákàtí méjì ni òun yóò fi dé Ìbàdàn, èyí tí í ṣe kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un, ó sì fi 30 rin ìlàjì ọ̀nà. Eré wo ni yóò sá nínú ìlàjì yòókù kí ìlérí rẹ̀ lè ṣẹ? Ọ̀pọ̀ yóò ní 90, torí pé ìlàjì 30 àti 90 jẹ́ 60. Irọ́ ni! Bó bá sá 90, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 40 ni yóò gbà á. Kìlómítà 60 tó fi 30 rìn ti jẹ wákàtí méjèèjì tán. Ìbáà ní ìyẹ́ bí ẹyẹ, kò lè dé ní àkókò tó dá.