Ìka Tó Ṣẹ̀ ni Ọba Ń Gé: Ìwé Ìlàlóye Lórí Mímú Afurasí, Béèlì àti Ìgbẹ́jọ́

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ṣùgbọ́n kí ọba aláṣẹ, èkejì òrìṣà, tó mọ ìka tó ṣẹ̀ láàárín ìka mẹ́wàá, ẹnìkan ní láti gbé ẹ̀sùn kalẹ̀, ẹlòmíràn ní láti wádìí ẹ̀sùn náà fínnífínní, ẹnì kẹta tí kò bá wọn jà, tí kò sì bá wọn mulẹ̀, ní láti jókòó gbọ́ tẹnu olùfisùn àti tẹnu ẹni tí a fi sùn, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin Nàìjíríà pín iṣẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí sọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ará ìlú ló ń fi ẹjọ́ sùn, ọlọ́pàá ló ń wádìí, adájọ́ ló ń dá a. Nígbà tí ọlọ́pàá bá sọ ara rẹ̀ di adájọ́ nínú àgọ́, tàbí tí èrò ọjà bá sọ ara wọn di ọlọ́pàá, adájọ́ àti apani lẹ́ẹ̀kan náà lójú títì, ibẹ̀ ni aláìṣẹ̀ ti ń jìyà tí ẹlẹ́ṣẹ̀ sì ń rí ọ̀nà sá lọ. A kọ ìwé yìí kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan dé, àti ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró.

Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni baba fún gbogbo òfin tí a ó mẹ́nu bà. Lábẹ́ rẹ̀ ni òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn wà, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́kọ́ ṣe ní 2007, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015, tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nílẹ̀ Yorùbá sì ṣe tiwọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, tó gba ipò èyí tí àwọn Òyìnbó ṣe ní 1943.

Nígbà tí wọ́n bá mú ènìyàn

Ọlọ́pàá lè mú ènìyàn pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí adájọ́ fọwọ́ sí; ó sì lè mú un láìsí ìwé, bí ó bá ká a mọ́ ibi tó ti ń ṣẹ̀, tàbí bí ó bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n wá láti fura sí i. Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mú un fún, àyàfi bí ọwọ́ bá tẹ ẹni náà níbi tó ti ń ṣe ọ̀ràn náà lọ́wọ́. Kí wákàtí 24 sì tó pé, a gbọ́dọ̀ kọ ìdí náà sílẹ̀ fún un ní èdè tó gbọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí a mú ni a ń kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ sá, ẹni tó ń gbé ìjà ko ni, tàbí ẹni tí adájọ́ pàṣẹ nípa rẹ̀. Obìnrin ni yóò yẹ ara obìnrin wò. Ohun tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ afurasí, ìbáà ṣe fóònù, ìbáà ṣe owó, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ọlọ́pàá àti afurasí jọ buwọ́ lù ú.

Àṣà burúkú kan wà tó ti pẹ́ láàárín wa: wọ́n wá ọmọ délé, wọn kò bá a, wọ́n sì mú ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀ lọ, wọ́n ní bó bá gbọ́ yóò yọjú. Òfin 2015 àti Òfin Ọlọ́pàá 2020 ka èyí léèwọ̀ pátápátá. Bákan náà ni ọ̀ràn gbèsè àti àdéhùn. Bí aránṣọ bá gba owó aṣọ ẹbí, tí kò rán an títí ọjọ́ ìyàwó fi kọjá, ọ̀ràn ìbínú ni lóòótọ́, a sì lè pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ràn sẹ́ẹ̀lì, nítorí ọlọ́pàá kì í ṣe ẹni tí a ń rán lọ dógò ti onígbèsè. Bí jìbìtì bá wà nínú rẹ̀, tàbí tó jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ni ó kọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní gbèsè lásán.

Ará ìlú náà lè mú ẹni tó bá ṣẹ̀ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kíákíá ni kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé táyà kọ́ afurasí lọ́rùn tó sì ṣáná sí i, ìpànìyàn ló ṣe; ẹni tó lọ ra pẹtiróòlù àti ẹni tó ṣáná, ọgbọọgba ni wọ́n lójú òfin.

Ọ̀rọ̀ ẹnu tí a kọ sílẹ̀

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ lẹ́nu afurasí ní àgọ́ ọlọ́pàá lè tẹ̀lé e dé iwájú adájọ́, ìdí sì nìyí tí Ìwé Òfin fi fún un láṣẹ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀, tàbí ẹlòmíràn tó bá yàn, sọ̀rọ̀. Dídákẹ́ yìí kì í ṣe àfojúdi, kì í sì í ṣe ìjẹ́wọ́.

Kí afurasí tó sọ tirẹ̀, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kì í nílọ̀ pé kò pọn dandan kó sọ ohunkóhun, àti pé ohun tó bá sọ lè di ẹ̀rí. Ẹni tó mọ̀wé lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ yóò sọ ọ́ ní Yorùbá, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì tún kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ àtàǹpàkò sí i. Ẹ má ṣe buwọ́ lu ìwé òfìfo, ẹ má sì buwọ́ lu èyí tí a kò kà fún yín. Bí àyè bá ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìwé, ẹ fa ìlà já a, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Ìjẹ́wọ́ tí a fi ẹgba tàbí ìdẹ́rùbà gbà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwájú adájọ́. Òfin tó lòdì sí ìdánilóró, ti 2017, sì lè rán ẹni tó dáni lóró lọ sẹ́wọ̀n tó tó ọdún 25.

Béèlì

Bí ilé-ẹjọ́ tó láṣẹ lórí ọ̀ràn náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni Ìwé Òfin fún ọlọ́pàá láti gbé afurasí débẹ̀. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ méjì ni, tàbí iye ọjọ́ tí adájọ́ bá rí pé ó tọ́. Ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú nìkan ló yàtọ̀, nítorí adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ló lè fúnni ní béèlì irú èyí, ó sì ṣọ̀wọ́n. Fún ọ̀ràn yòókù, bí wákàtí 24 bá kọjá tí wọn kò gba béèlì rẹ̀, ará ilé lè tọ májísíréètì lọ, kó fi ẹnu tàbí ìwé bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kí wọ́n gbé ẹni náà wá.

Béèlì kì í ṣe ìdáríjì, kì í sì í ṣe ìdáláre. Ìlérí pé ẹni náà yóò padà wá jẹ́jọ́ ni. A kì í san kọ́bọ̀ fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin lè ṣe onígbọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ti lè ṣe é, òfin kò sì gbà kí a dá a padà nítorí pé obìnrin ni. Ṣùgbọ́n kí onígbọ̀wọ́ mọ ẹni tó ń dúró fún dáadáa, nítorí bí ẹni náà bá sá lọ, ọrùn onígbọ̀wọ́ ni owó tó fọwọ́ sí yóò wà.

Níwájú adájọ́

Ẹ̀sùn kì í ṣe ẹ̀bi: aláìṣẹ̀ ni olùjẹ́jọ́ títí ìjọba yóò fi mú ẹ̀rí tó dájú wá. A ó ka ẹ̀sùn sí i létí ní èdè tó gbọ́, ògbifọ̀ kò sì gbọdọ̀ ná an lówó. Ó lè bi àwọn ẹlẹ́rìí tó ta kò ó ní ìbéèrè. A kò lè fi ipá mú un jẹ́rìí. Bí a bá ti dá a láre tàbí lẹ́bi, a kì í tún un dá lórí ọ̀ràn kan náà, bí kò ṣe nípa àṣẹ ilé-ẹjọ́ tó ga jù. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ohun tí ará ilé lè ṣe

Ẹ má bá ọlọ́pàá jà. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti àgọ́ tó ń gbé ẹni yín lọ, kí ẹ sì kọ wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀, nítorí láti ibẹ̀ ni a ó ti máa ka ọjọ́. Bí kò bá sówó agbẹjọ́rò, Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ń gbẹjọ́ rò lọ́fẹ̀ẹ́ fún tálákà. Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní Office of the Public Defender tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà àìtọ́ lè gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga, nítorí ìpín 35 Ìwé Òfin sọ pé owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba tọ́ sí i. Ẹ bá wa ka ìwé yìí fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ilé yín.