Bí A Ṣe Ń Lo Ọkọ̀ Tí A Fi Fóònù Pè ní Ìlú Tí A Kò Mọ̀

Ọkọ̀ tí a fi fóònù pè ni ọkọ̀ tí ènìyàn lè ránṣẹ́ pè láti ibi tí ó wà, tí yóò sì wá gbé e láìjẹ́ pé ó lọ dúró ní ibùdókọ̀ tàbí kí ó máa juwọ́ sí takisí ní etí títì. Ní ìlú Èkó, ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Uber gbé ètò tirẹ̀ dé. Taxify tẹ̀ lé e ní ọdún 2016, òun ni ó sì yí orúkọ padà sí Bolt ní ọdún 2019. Lónìí, bí ará Èkó tàbí ará Ìbàdàn ti ń sọ pé òun fẹ́ wọ dáńfó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń sọ pé òun fẹ́ pe Bolt. Ẹni tí ó ti mọ́ lára lè rò pé kò sí ohun tí ó ní àlàyé nínú èyí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkìrun wá ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé ní Èkó, tí kò lò ó rí, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Kí ètò yìí tó dé, ojú lásán ni onítakisí fi ń díye lé àlejò. Bí ó bá ti rí báàgì lọ́wọ́ rẹ, tí o sì ń wo gbogbo pátákó tí ó wà lójú ọ̀nà, iye tí yóò pè lè tó ìlọ́po méjì iye tí onílé ń san. Ti owó ṣì kéré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kó sọ́wọ́ àwọn adigunjalè tí ń fi mọ́tò kérò, àwọn tí à ń pè ní wọ́n-ṣáǹsì, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ tàbí ẹni tí ó wà á. Ibi tí ọkọ̀ orí fóònù ti yàtọ̀ nìyí. Kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ ni mo ń wí, nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í tan án mọ́ láti ọdún 2023 tí owó epo ti fò sókè. Ẹ̀rí ni mo ń wí. Orúkọ awakọ̀, àwòrán rẹ̀, irú ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, àkókò tí o wọ̀ ọ́ àti ọ̀nà tí ó gbà, gbogbo rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀. Èrò tí ó bá sọ ẹ̀rí yìí nù, takisí etí títì ni ó padà wọ̀.

Ilé ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú gáréèjì. Gba áàpù náà sórí fóònù rẹ ní bí ọjọ́ méjì kí o tó gbéra, kí o sì fi nọ́ńbà fóònù rẹ forúkọ sílẹ̀. Wá ẹni tí ó ti lò ó rí kí ó jókòó tì ọ́. Mo ti rí ọmọ tí ó ń ṣe gbogbo èyí ní Ọjọ́ta pẹ̀lú bátìrì tí ó ti fẹ́ kú, tí àwọn agbèrò yí i ká, tí wọ́n ń fà á ní báàgì. Ra dátà, kí o sì jẹ́ kí iná kún inú fóònù rẹ. O lè so káàdì báǹkì mọ́ áàpù náà, ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí náà mú owó kéékèèké dání.

Àdírẹ́sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Òpópónà tí ń jẹ́ Church Street kì í ṣe ẹyọ kan ní Èkó. Bí o bá tẹ orúkọ òpópónà nìkan, áàpù lè mú ọ lọ sí àdúgbò mìíràn, ohun tí awakọ̀ bá sì rí ni yóò tẹ̀ lé. Tẹ orúkọ àdúgbò mọ́ ọn, kí o sì bèèrè ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà nítòsí ibẹ̀.

Nígbà tí o bá fẹ́ pe ọkọ̀, dúró sí ibi tí ó láàbò, bí iwájú báǹkì. Tẹ ibi tí ò ń lọ, áàpù yóò sì sọ iye owó fún ọ kí o tó pe ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀nà ti jìn tó, àkókò tí ìrìn àjò náà yóò gbà, àti bí àwọn tí ń wá ọkọ̀ ti pọ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí owó fi ń lọ sókè bí òjò bá ń rọ̀ tàbí bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń darí lọ sílé. Bí o bá lè dúró díẹ̀, ó lè wálẹ̀. Ẹni tí ó ní ìdánwò ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ kò lè dúró. Agogo mẹ́fà ni kí ó ti pe ọkọ̀, nítorí pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó kò mọ ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Yẹ àmì tí ó ń fi ibi tí o wà hàn wò dáadáa. Ní ojú títì bí Ìkòròdú Road, bí àmì náà bá bọ́ sí òdì kejì, awakọ̀ lè ní láti lọ jìnnà kí ó tó rí ibi tí yóò ti yí padà. Ó tún lè tẹ̀ ọ́ láago láti bèèrè ibi tí ò ń lọ. Dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: 'Ẹ káàárọ̀ sà, iwájú báǹkì ni mo wà.' Bí kò bá fẹ́ lọ mọ́, òun ni kí ó fagi lé e. Bí ìwọ bá fagi lé e nígbà tí ó ti ń bọ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé ọ.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Nọ́ńbà ọkọ̀ ni kí o kà, kì í ṣe àwọ̀ ọkọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́ta àti lẹ́tà méjì ni ó sábà máa ń wà lára rẹ̀. Kà á tán pátápátá, nítorí pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú KJA ti Ìkẹjà kò lóǹkà. Ní ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn lọ wo ọmọ mi ní Èkó. Mo sọ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta, mo pe ọkọ̀, kò sì pẹ́ tí Corolla aláwọ̀ eérú kan dúró níwájú mi. Mo dárúkọ awakọ̀ tí áàpù fi hàn mí, mo ní, 'Ṣé ìwọ ni?' Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì, ẹ wọlé.' Mo ti gbé báàgì mi sínú bùútù kí fóònù mi tó dún, tí awakọ̀ tí mo pè gan-an ń bi mí pé ibo ni mo wà. Mo gbé báàgì mi jáde. Onítọ̀hún kò sọ nǹkan kan, ó wakọ̀ rẹ̀ lọ. Bóyá èrò lásán ni ó ń wá, bóyá ohun mìíràn ni, n kò mọ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n mo mọ àṣìṣe mi: èmi ni mo fi orúkọ náà sí i lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ dárúkọ mi. Ọmọdé yóò sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ẹ wá gbé?' Bí áàpù bá sì fún ọ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ gbà lẹ́nu rẹ kí ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀, má ṣe sọ ọ́ títí ìwọ yóò fi ka nọ́ńbà ọkọ̀ tán. Bí ó bá ní ọkọ̀ òun wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì, pé ti ẹ̀gbọ́n òun ni òun yá lò, má wọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni ó ń sọ, àmọ́ kò sí àkọsílẹ̀ fún ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí. Fi ìrìn àjò náà ránṣẹ́ láti orí áàpù sí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ, kí wọn lè máa rí ibi tí ọkọ̀ dé lórí fóònù tiwọn. Kò sí ohun tí ó burú nínú bíbá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n má ròyìn fún un pé o kò dé Èkó rí tàbí pé owó ilé-ìwé wà nínú báàgì rẹ. Bí ó bá yà kúrò ní ọ̀nà tí máàpù fi hàn, bi í ní ìdí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà dí. Bí àlàyé rẹ̀ kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ní kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbi tí èrò pọ̀ sí. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni à ń pè bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì.

Awakọ̀ mìíràn yóò bẹ̀ ọ́ pé kí o fagi lé ìrìn àjò náà lórí áàpù, kí o san owó fún òun ní tààràtà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ ń yọ ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí òun ń pa. N kò lè bínú sí i; epo wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń jíṣẹ́ owó fún ẹni tí ó ni ọkọ̀. Síbẹ̀, má gbà. Ní kété tí o bá ti fagi lé e, máàpù tí ìyá rẹ ń wò yóò dúró, bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé kò sí ìrìn àjò kankan ní àkókò náà.

Nígbà tí ẹ bá dé, jẹ́ kí awakọ̀ parí ìrìn àjò náà lórí fóònù rẹ̀, kí o sì wo iye tí ó jáde lórí tìrẹ kí o tó sanwó. Bí o bá fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, dúró títí yóò fi rí i gbà. Yẹ ìjókòó wò kí o tó ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá wá jẹ́ pé o gbàgbé ìwé ìdánwò rẹ sínú ọkọ̀, má sá tẹ̀ lé e. Ṣí áàpù náà, wá ìrìn àjò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, o ó rí ibi tí a ti ń fi ohun tí ó sọnù tó wọn létí, kí wọn lè bá ọ kàn sí awakọ̀ náà.