Àlejò láti Áfíríkà ní Etíkun Norfolk

Bí oṣù Kẹta bá ti ń parí lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀gìnnìtìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí etíkun láti wo ẹyẹ. Ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa lè rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ọmọdé ni èyí. Ẹ fi sùúrù gbọ́ tiwa ná.

Cley ní àgbègbè Norfolk ni a ti lo irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àbàtà gbalasa ni ibẹ̀, tí esùsú bò, tí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ sì là á kúrò lára òkun. Ní 1926 ni Dókítà Sydney Long àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé a rà á fún ààbò àwọn ẹyẹ. Inú ahéré onípákó tí a dá ihò sí lára ni àwọn olùwòran ń jókòó sí, tàwọn ti awò tí ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ni, àti ìwé tí wọ́n ń kọ iye ẹyẹ sí. Atẹ́gùn òkun ń gé ni létí bí abẹ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ráhùn.

Avocet ni a kọ́kọ́ rí, ẹyẹ funfun tí dúdú là lára, tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀ sókè. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹyẹ yìí kò pamọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a jẹ́ kí omi bo pápá Minsmere ní Suffolk, kí àwọn ọmọ-ogun Jámánì má baà ríbi gúnlẹ̀ sí. Ní 1947, avocet padà wá yé ẹyin sínú àbàtà tí ìbẹ̀rù ogun dá sílẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó mú gbogbo ahéré dìde kò tó nǹkan lójú. Sand martin ni, ìbátan alápandẹ̀dẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 14 lọ. Gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti lo ìgbà òtútù, ó sì fò la aṣálẹ̀ náà já kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Áfíríkà wa ni ó ti ń bọ̀!

Níbí ni ìkaye ẹyẹ ti kúrò ní eré. Òjò kọ̀ ní Sahel ní 1968. Nígbà tí ó di ìrúwé 1969, a retí ẹyẹ kékeré tí à ń pè ní whitethroat ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú mẹ́rin, nǹkan bí mẹ́ta kò padà. Ìwé àwọn olùwòran ni ó tú àṣírí àdánù náà, ọ̀dá ìhà ọ̀dọ̀ wa ni a sì wá rí i pé ó fà á.

Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápandẹ̀dẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ a máa sùn lórí òkè kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ará ibẹ̀ a máa mú wọn jẹ. A kò ní dá ẹni tí ń wá ẹran ọbẹ̀ lẹ́bi. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì náà fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe fìlà rí, títí àwọn obìnrin mìíràn fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1889 láti kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọ yín ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ lẹ́kélẹ́ke lọ́dọọdún. Ọjọ́ wo ni lẹ́kélẹ́ke dé lọ́dún yìí? Ọjọ́ wo ni ó lọ? Ìwé kan àti lẹ́ẹ̀dì kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí à ti ń fi yanrìn dí etí ọ̀sà Èkó fún ilé kíkọ́, ibi ìpamọ́ Lẹ́kí tí a dá sílẹ̀ ní 1990 ṣì wà níbẹ̀, hẹ́kítà 78, tàbàtà tigbó.