Iṣẹ́ Ìlú Kì í Ṣe Ẹrù Ẹnìkan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí a fi òwe yìí wò. Púpọ̀ nínú àwọn ètò tí ń mú kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ kan fi pamọ́. Àwọn tí ó kọ wọ́n ṣí ìdí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á, ó lè lò ó, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fún ẹlòmíràn láìsan kọ́bọ̀. Ètò àjọni ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ń lò, ta ni ń tọ́jú rẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan tàbí ẹni méjì ni, tí wọ́n ń ṣe é ní alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báwo ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe pẹ́?

Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Adúláwọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yà sí Bouaké, ìlú ọjà ńlá ní àárín Côte d'Ivoire, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò mọ ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Ibẹ̀ ni Solomana Kanté, ọmọ ilẹ̀ Gínì tí a bí ní 1922, wà ní 1944 nígbà tí ìwé kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Kamal Marwa, akọ̀ròyìn ará Lẹ́bánónì, ni ó kọ ìwé náà ní èdè Lárúbáwá, ó sì sọ nínú rẹ̀ pé èdè àwa ènìyàn dúdú kò ṣe é kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Kanté wọ egungun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó fi dá a lóhùn. Ó fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Maninka tí í ṣe èdè ìyá rẹ̀, ó tún fi lẹ́tà àwọn Òyìnbó dán an wò, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin 1949, ní Bingerville lẹ́bàá Abidjan, ó parí ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun tí ó sọ ní N'Ko, èyí tí ó túmọ̀ sí "mo wí pé" ní Maninka, ní Bambara àti ní Jula.

Ohun tí ó kàn wá jù ni bí N'Ko ṣe yè. Nígbà tí ìjọba Gínì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, lẹ́tà àwọn Òyìnbó ni ó yàn. Kanté fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé púpọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń dà wọ́n kọ, wọ́n sì ń gbé wọn láti ọjà dé ọjà. Oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kọ a di olùkọ́ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí Kanté kú ní Conakry ní 1987, iṣẹ́ náà kò bá a wọ sàréè.

Ṣùgbọ́n bí ayé ti ń yí, gègé àti bébà kò tó mọ́. Ní 2004, Mamady Doumbouya, Baba Mamadi Diané, Michael Everson àti ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ẹ̀bẹ̀ lọ síwájú àwọn tí ń ṣe Unicode, ìyẹn àkójọ tí ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà. Ní 2006 ni N'Ko wọ inú rẹ̀. Nọ́ńbà nìkan kò sì tó. Apá ọ̀tún ni a ti ń kọ N'Ko lọ sí òsì, àwọn lẹ́tà rẹ̀ a sì máa so mọ́ ara wọn. Ètò kan ni ó gbọ́dọ̀ tò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe é ni HarfBuzz, ètò àjọni tí ó wà nínú Firefox, Chrome àti fóònù Android.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀ràn àwọn Mandé nìyẹn, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí. Unicode kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀, HarfBuzz tàbí ètò bí i tirẹ̀ ni ó sì ń gbé àmì náà sí ipò tí ó yẹ ẹ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá wó lulẹ̀, lẹ́tà Kanté àti àmì ohùn tiwa ni yóò jọ dàrú.

Ẹ má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. OpenSSL ni ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ayé fi ń dáàbò bo ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kẹrin 2014, ìròyìn kàn pé ihò kan wà nínú rẹ̀, èyí tí a pè ní Heartbleed, tí olè lè gbà ka ohun ìpamọ́. Nígbà náà ni ayé tó mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, àti pé ọrẹ tí ń wọlé fún wọn kò ju nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ lọ́dún.

Ti xz tún kọjá bẹ́ẹ̀. Lasse Collin, ará Finland, ni ó ń tọ́jú ètò yìí, tí ń fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè. Ní 2022 ó sọ ní gbangba pé iṣẹ́ àìgbowó ni, àti pé agbára òun kò fi bẹ́ẹ̀ ká a mọ́. Ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti ń bá a ṣiṣẹ́. Ó fi sùúrù ṣe é, títí ó fi di ẹni tí a fa kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún olè. Ọpẹ́lọpẹ́ Andres Freund, tí ó kíyè sí i ní oṣù Kẹta 2024 pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ó sì wádìí rẹ̀ dé ìdí, ni kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà tàn ká ayé.

Nítorí náà, kíkó ènìyàn jọ nìkan kọ́ ni ìwòsàn. Ẹni tuntun pàápàá a máa gba àkókò, nítorí a ní láti kọ́ ọ, kí a sì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn baba wa mọ èyí. Nínú àáró, kò sí àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ ọjọ́ tí ó kan án, ó mọ oko tí wọn yóò lọ, ó sì mọ ibi tí iṣẹ́ òní yóò parí sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ètò àjọni rí. Èkíní, kí a kọ bí iṣẹ́ ti rí sílẹ̀, kí ẹni tí ó ní wákàtí kan lè rí ohun tí yóò ṣe parí nínú rẹ̀. Èkejì, kí kọ́kọ́rọ́ má wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni má sì wọlé láìjẹ́ pé ojú kejì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta, kí olùtọ́jú má tijú láti sọ ohun tí kò ní lè ṣe. Ẹni tí ó bá gba gbogbo ẹ̀bẹ̀ yóò já gbogbo ènìyàn kulẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tí ń jẹ èrè bọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ a máa wá oúnjẹ àti ẹmu. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń fi ètò àjọni pa owó kò gbọdọ̀ ṣe kéré sí i. Ní 2022, ìjọba Jámánì dá Sovereign Tech Fund sílẹ̀ láti máa náwó sí àbójútó irú ètò bẹ́ẹ̀. Kí ni ó dé tí àwọn ìjọba tiwa kò fi ní ṣe é?

Ẹ̀yin olùkọ́, ipa tiyín kò kéré, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nígbà tí àmì ohùn bá ṣubú kúrò lórí lẹ́tà nínú ìwé ìdánwò tí ẹ tẹ̀, ẹ má bú ẹ̀rọ kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kedere sí àwọn olùtọ́jú: lẹ́tà wo ni, ètò wo ni, kí ni ẹ retí, kí ni ẹ sì rí? Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ a máa dín iṣẹ́ wọn kù púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yín lè túmọ̀ ìwé ìlànà sí Yorùbá. Kíláàsì kan lè yẹ àkójọ ọ̀rọ̀ wò.

Èdè tí kò bá lè dúró nínú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé àlejò gbé e ró kò tíì gba òmìnira tán. Kanté kò ní ju ọwọ́ rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró lórí òun nìkan. Ẹ jẹ́ kí àwa náà dá àáró. Ẹni tí ó ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀, kí ó sì pa á mọ́.