Alsatian ni àbí Rottweiler? Ẹ wo bí ajá ṣe máa tóbi tó kẹ́ ẹ tó sanwó

Àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú lálaalẹ́, tí wọ́n tún ń wọkọ̀ míì lọ sápá Ìgbógbó, Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mọ ohun tó ń jẹ́ ìbẹ̀rù òru. Ẹni tó bá sì rántí ohun tójú aráàlú rí lọ́wọ́ àwọn Badoo lọ́dún 2016 sí 2017, tí wọ́n ń já wọlé onílé lóru láti pààyàn, kò ní béèrè ìdí tí baálé ilé kan fi ń wá ajá.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni èwo ni ká rà. Ìyàwó ní Alsatian, ọkọ ní Rottweiler lòun fẹ́, nítorí òun ló tóbi jù. Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ jẹ́ ká wọn méjèèjì wò.

Tẹ́ ẹ bá fi téèpù wọ̀n wọ́n láti ilẹ̀ dé èjìká, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan. Akọ Alsatian máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65, akọ Rottweiler á ga tó 61 sí 68. Orí ìwọ̀n lọ̀rọ̀ wà. Kílò 30 sí 40 ni akọ Alsatian, ṣùgbọ́n akọ Rottweiler ń lọ sí bíi kílò 50. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí, ẹ mọ̀ pé kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì kan. Ẹ wá rò ó wò, kí àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kó léyín, kó máa wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó di ṣéènì ẹ̀ mú! Abo ló fúyẹ́ díẹ̀: ti Alsatian ò ju kílò 22 sí 32 lọ, ti Rottweiler tó bíi 42.

Orílẹ̀-èdè Jámánì ni méjèèjì ti wá. Ajá àwọn darandaran ni Alsatian, sójà kan tó ń jẹ́ Max von Stephanitz ló dá ẹgbẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1899. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kórìíra ohun gbogbo tó bá ń jẹ́ Jámánì ni wọ́n sọ ọ́ di Alsatian, òun làwa náà sì gbà lọ́wọ́ wọn. Ìlú Rottweil ni Rottweiler ti gba orúkọ tiẹ̀. Màlúù ló ń dà, ó sì ń fa ọmọlanke àwọn alápatà. Ẹ ò rí i pé ọ̀kan yá lẹ́sẹ̀, èkejì sì taagun.

Kí lèyí kan àpò yín? Ajá tó bá wúwo jù ló ń jẹun jù. Oògùn aràn pàápàá, ìwọ̀n ajá ni dókítà ẹranko fi ń ṣírò ẹ̀. Àwọn méjèèjì nílò òjìji àti omi nínú oòrùn wa, wọ́n sì nílò ààyè láti sáré. Ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú ilé alágbàlá kékeré, ajá ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní Bingo ti tó o. Olè tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì ò rí kílò ajá, gbígbó ẹ̀ ló ń gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọmọ ajá nínú kéèjì lẹ́bàá títì tàn yín jẹ. Ọmọ ajá tí ò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ ò ní fi bó ṣe máa tóbi tó hàn yín, etí méjèèjì ṣì máa ń wó lulẹ̀ ni. Ẹ ní kẹ́ ẹ rí ìyá ẹ̀, kẹ́ ẹ rí bàbá ẹ̀ tó bá ṣeé ṣe. Rottweiler lè máa sanra lọ títí táá fi pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Èyí tẹ́ ẹ bá wá mú, ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un lọ́dọọdún. Tí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí, ìbáà jẹ́ ajá kílò 50 ló bu onítọ̀hún jẹ tàbí Bingo kílò 12.