Òṣùwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà onípírósẹ́sọ̀ púpọ̀

Òṣùwọ̀n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà onípírósẹ́sọ̀ púpọ̀ ni àwọn iye tí a fi ń mọ bí pírósẹ́sọ̀ púpọ̀ ṣe ń pín iṣẹ́ kan ṣe. Ìlọ́po ìyára ni àkókò tí pírósẹ́sọ̀ kan gbà, tí a fi àkókò tí púpọ̀ gbà pín. Bí a bá tún fi iye pírósẹ́sọ̀ pín in, ó di ìjáfáfá. Ìwọ̀n ìlò ni ìdá àkókò tí pírósẹ́sọ̀ fi wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìtumọ̀

Bí aránṣọ mẹ́wàá ní Bẹẹrẹ bá ń lo áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, wọn yóò máa dúró de ara wọn. Gene Amdahl ṣàlàyé irú ìdíwọ́ yìí ní 1967. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iṣẹ́ kò bá ṣeé pín, pírósẹ́sọ̀ 10 yóò mú ìlọ́po ìyára 5.26 wá, ìjáfáfá yóò sì jẹ́ 53%. Bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, ìlọ́po náà kò lè kọjá 10. Ìwọ̀n ìlò gíga nìkan kì í ṣe ẹ̀rí iṣẹ́ gidi, nítorí pírósẹ́sọ̀ lè máa yí po lásán bó ṣe ń dúró.

Àpẹẹrẹ

Philip Emeagwali, tí a bí ní Àkúrẹ́ ní 1954, gba Ẹ̀bùn Gordon Bell ti 1989 fún ìṣirò nípa epo rọ̀bì lórí Connection Machine, tó ní pírósẹ́sọ̀ 65,536. Ẹ̀ka ìyára sí iye owó ni ó ti gbà á. Ẹlòmíràn ló gba ti ìyára gan-an. Ẹni tó bá ka ẹ̀bùn náà sí ti ìṣirò tó yára jù lágbàáyé ti fi òṣùwọ̀n kan rọ́pò òmíràn.